Agogo Tí Ó Dún Lórí Fóònù

"Ọmọkùnrin ni wòlíì ní òun rí," ni Hàfsátù wí. "Obìnrin ni mo bí."

Mo fi àga lọ̀ ọ́, kò jókòó. Ó di etí tábìlì mi mú ní àgọ́ ọlọ́pàá Odode, ní Ìdànrè, bí ẹni pé mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ó mí ná, kí ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àárín ni ẹni tí inú ń bí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé bí èmi náà ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Àtìpó ni Hàfsátù àti ọkọ rẹ̀ ní Ìdànrè. Ọkọ ń bá olóko kan ṣe oko kòkó lápá Ofosu, wọ́n á jọ pín ohun tí oko bá mú wá. Ìyàwó ń ta òkìrìkà ní Odode. Kí ó tó fẹ́ ọkùnrin yìí, ó ti bí ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ ń bá a tọ́ nílé, ọkọ kò sì mọ̀. Nígbà tí àyà ń dun ọmọ náà tí oògùn kò ràn án, Hàfsátù, Mùsùlùmí pọ́ńbélé, yọ́ lọ sí Ìjọ Òkè Ìmọ́lẹ̀ Aládùúrà kí wọ́n bá a bẹ Ọlọ́run. Nínú ìjọ náà, akọ̀wé ni èèyàn ń sọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún. Akọ̀wé á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ní lẹ́tà ńláńlá kí Bàbá Ọlọ́runṣọlá, olórí ìjọ, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, lè rí i kà níwájú pẹpẹ. Àdúràọlá ni orúkọ akọ̀wé náà.

"Ojú tì mí," ni Hàfsátù wí. "Mo sọ fún akọ̀wé pé ọkùnrin ni ọmọ náà. Mo rò pé tí mo bá yí i padà díẹ̀, kò ní jẹ́ èmi gan-an mọ́."

Lẹ́yìn náà ni ó tẹ̀lé àwọn obìnrin kan lọ sí Ofosu, sọ́dọ̀ Wòlíì Ìmísí tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wòlíì pè é jáde láàárín èrò. Ó ní òun rí ọmọkùnrin kan tí ó fi pamọ́ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àyà ń dun ọmọ náà. Ni gbogbo ilé bá pariwo Halelúyà. Àwọn tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ lóko wà níbẹ̀. Kí ó tó délé, ẹrù rẹ̀ ti wà níta.

"Wọ́n ń yin Ọlọ́run, Àǹtí. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé irọ́ tí mo pa fún Àdúràọlá ni wòlíì ń rí lójú ìran. Ẹ lọ mú ọmọbìnrin yẹn fún mi."

Kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn ọmọ ìjọ mìíràn tí wọ́n lọ sí Ofosu ti gbọ́ àṣírí ara wọn lẹ́nu wòlíì yìí. Àwọn àgbà ìjọ sì ti dájọ́: ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, wọn yóò bọ́ sùtánà lọ́rùn Àdúràọlá lójú gbogbo ìjọ, wọn yóò sì lé e jáde, nítorí pé ó ta àṣírí àwọn tí wọ́n fọkàn tán an. Ìlú wa kò tóbi. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ní Odode, kò sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ kọjá ẹ káàárọ̀ mọ́, kò sì sí ìyá tí yóò gbà kí ọmọ òun fi í ṣe aya.

Kátólíìkì ni èmi, Bernadette Fọláyan. Ínsípẹ́kítọ̀ ni mí, ọ̀rọ̀ sùtánà kò kàn mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dájọ́ kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀ ń bí mi nínú ju olè lọ. Mo wọ bàtà mi, mo jáde.

Ẹ̀yìn ilé ìjọ ni mo ti bá Àdúràọlá, ó ń fọ aṣọ. Sùtánà tí wọ́n fẹ́ bọ́ lọ́rùn rẹ̀ ni ó ń fọ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí ó dọ̀tí lọ́jọ́ náà. 

Mo bi í bóyá ó mọ Wòlíì Ìmísí. Kò mọ̀ ọ́n, kò dé Ofosu rí. Mo bi í ta ni ó máa ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà. Òun nìkan ni, àti Tósìn tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọjà, tí ó tún un ṣe láìpẹ́ yìí. Mo ní kí ó rántí dáadáa, ǹjẹ́ ohunkóhun tí kò wọ́pọ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ó gbà á padà?

"Wọ́n pè mí láti iléeṣẹ́ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà," ni ó wí. "Wọ́n bá mi lé báírọ́ọ̀sì jáde."

"O sọ èyí fún àwọn àgbà ìjọ?"

"Wọ́n ní kí n búra, mà. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan."

Ọkùnrin kan ni ó pè, tí ó ń gba imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní àwọn rí i láti ọ̀dọ̀ àwọn pé báírọ́ọ̀sì ti wọ kọ̀ǹpútà ìjọ, òun ni ó ń jẹ́ kí ó falẹ̀, yóò sì pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lóòótọ́ ni kọ̀ǹpútà ń falẹ̀. Jìnnìjìnnì bo ọmọ yìí. Ọkùnrin náà ní kí ó gbé ápù kan sórí rẹ̀, ó gbé e. Ó ní kí ó ka nọ́ńbà tí ápù náà bá gbé jáde, ó kà á. Ó kù kí ó tẹ ibi tí yóò fi gba ọkùnrin náà láàyè láti máa darí kọ̀ǹpútà láti ibi tí ó wà. Níbẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti kọ̀. Ó ní kí òun kọ́kọ́ bi Bàbá.

"Kí ni ọkùnrin náà sọ?"

"Ó ní kí á gbàdúrà, mà."

Mo ní kí ó tún un sọ.

"Ó ní iṣẹ́ Ọlọ́run ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà, kí á fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́ ná. Ọkàn mi wá balẹ̀. Mo tẹ ibẹ̀, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba, mo kúnlẹ̀, mo dijú. Ó ní kí n kọrin, kí n ka Sáàmù. Nígbà tí a parí, ó ní báírọ́ọ̀sì ti lọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí lára mi. Mo ti mú àwọn tí ó fi ìbọn jalè, mo ti mú àwọn tí ó yọ́ kó kòkó olóko lórí ibi tí ó sá a sí. Inú kò bí mi sí wọn tó báyìí. Ọkùnrin yìí wá jalè, ó rí i pé ọmọ náà ń ṣọ́nà, ó sì lo Ọlọ́run láti pa á lójú dé. Àwọn kan á máa sọ pé ọ̀dẹ̀ ni ó ń kó sí irú pańpẹ́ yìí. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọmọ yìí fura, ó fura ní àkókò tí ó yẹ kí ó fura gan-an, ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ láyé ni wọ́n sì fi mú un.

Nígbà tí mo rí Bàbá Ọlọ́runṣọlá, Tósìn ni ó ní kí n lọ mú. Bí kì í bá ṣe Tósìn, ta ni ó tún mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ìjọ ń falẹ̀? Mo mú Sájẹ́ńtì Augustine dání, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin náà rí wa, irin gbígbóná tí ó fi ń lẹ wáyà pọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Augustine wò mí bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí.

Mo bi Tósìn ní ìbéèrè títí ó fi ń làágùn, ṣùgbọ́n bí ó ti ń dáhùn ni ẹ̀sùn náà ń tú mọ́ mi lọ́wọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, kọ̀ǹpútà wo ní Ìdànrè ni kì í falẹ̀? Bí wọ́n bá pe èmi náà pé tèmi ń falẹ̀, màá ní aríran ni wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe ìmọ̀ rárá, òkò ni wọ́n sọ sínú igbó, kò lè ṣe kí ó má ba igi. Èkejì ni pé kọ̀ǹpútà náà sùn sí ṣọ́ọ̀bù Tósìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ohun tí ó bá wù ú ni ì bá ti kó nínú rẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í gba ojú fèrèsé wọlé.

Mo ní kí ó bá wa yẹ kọ̀ǹpútà náà wò. Kò pẹ́ tí ó fi rí ápù náà, ó sì rí ohun tí ó burú jù ú lọ. Nígbà tí ọmọ yẹn wà lórí ìkúnlẹ̀, ọkùnrin náà ti fi páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ sí i. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà tí dátà sì wà, ó lè wọlé láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tuntun tí Àdúràọlá ń tẹ̀ ni ó ń kà. Tósìn nawọ́ láti pa á rẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi sílẹ̀," ni mo wí. "Ilẹ̀kùn tí ó gbà wọlé la máa fi mú un."

Ó kù kí n mọ ẹni náà. Bí mo ṣe gbé kọ̀ǹpútà padà dé ilé ìjọ, wọ́n ń gbàdúrà ọ̀sán. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Agogo dún lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn dijú. Bàbá gbàdúrà, ó parí, wọ́n ṣe àmín, ilé sì pa rọ́rọ́. Èmi Kátólíìkì ti ń retí kí wọ́n dìde, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó la ojú. Ó ṣe díẹ̀, agogo dún lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́, ó tún dún lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà náà ni gbogbo ojú là. Bàbá sọ fún mi pé ìlànà ilé wọn nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Àwọn ìjọ mìíràn ń lu agogo lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ń lù ú báyìí. Nínú ìjọ tiwọn, ẹni tí ó bá la ojú kí agogo tó dún ti ba àdúrà jẹ́.

Mo fa Àdúràọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ní ọjọ́ tí wọ́n pè ọ́ yẹn, ta ló ní kí o la ojú?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n là á, mà. Agogo ló dún."

"Agogo wo?"

"Ti orí fóònù." Ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó sì dúró. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára. "Ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ó dákẹ́. Ó tún lù ú lẹ́ẹ̀kan."

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà wo ni ó ń gbé agogo sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù? Ọmọ náà kò sì rí i bí ohun àjèjì, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni agogo yẹn ti ń là á lójú. Ọkùnrin náà mọ̀ pé bí òun kò bá lù ú, orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọ yìí yóò wà títí ẹlòmíràn yóò fi wọlé bá a. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá, mo bi í ta ni ó ti lu agogo yìí rí.

 Ó ní òun fúnra òun ni, àti Olúwadára, ọmọ òrukàn tí òun tọ́ dàgbà nínú ilé ìjọ, tí ó lọ sí Èkó lọ́jọ́ kan kí irùngbọ̀n tó hù lójú rẹ̀, tí kò padà wá kí wọn. Ó fi èdè Ìdànrè pọ́ńbélé bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ ọmọ náà lójú àwọn èèyàn, nítorí kò ní ṣe irú rẹ̀ láéláé. Mo wo bàbá yìí. Ọmọ tí kò rí láti ìgbà tí ó ti lọ, kò jẹ́ kí a fi ẹnu kàn án. Èyí tí ó ń fọ sùtánà lẹ́yìn ilé, ó ti dá a lẹ́bi. Mo gbé ìbínú mi mì nítorí ewú orí rẹ̀.

Ní àgọ́, ọ̀gá mi béèrè pé kí ni wọ́n jí gan-an, nígbà tí gbogbo ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ṣì wà níbẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n ka ohun tí ó wà nínú fóònù rẹ̀ fún gbogbo àgọ́, kí n sì dá fóònù náà padà fún un láìyingin. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

A dẹ pańpẹ́. Mo ń sọ, Àdúràọlá ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bí ẹ̀bẹ̀ tuntun: Catherine ni orúkọ mi, ará Odode. Ọkọ mi gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kókó kan wà lọ́mú òsì mi tí n kò tíì fi han ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀: èmi Bernadette kò lọ́kọ rí láyé mi, kò sì sí ohun tí ó ṣe ọmú mi. Lọ́jọ́ ìsìn Ofosu, mo ní kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà náà ní ilé ìjọ, kí Tósìn àti Àdúràọlá jókòó tì í, kí Bàbá náà jókòó pẹ̀lú wọn kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Èmi ró ìró, Augustine wọ agbádá, a wọ takisí lọ.

Ẹ̀bá òpópónà Bìní ni ilé àdúrà náà wà, ọkọ̀ ńláńlá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Èrò pọ̀. Ọmọ ìjọ kan dúró sẹ́nu géètì, ó ń bi olúkúlùkù ní orúkọ àti ibi tí ó ti wá, á sì kó àwọn orúkọ náà wọ yàrá inú lọ. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé kí ni wòlíì tí ó ń rí ohun gbogbo ń fi orúkọ wa ṣe. Mo ní Catherine ni mí, láti Odode. A jókòó, a ń kọrin. Kò pẹ́, fóònù mi gbọ̀n lábẹ́ ìró. Tósìn ni. Ohun tí ó kọ ránṣẹ́ ni pé, "Ọfà ti ń rìn lójú kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bàbá ń wò ó. Orúkọ Catherine ló ṣí."

Wòlíì Ìmísí jáde, ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ kún. Ó rìn yí èrò ká, ó sì dúró níwájú mi. Ó ní òun rí ọkùnrin kan nínú iyanrìn. Ó ní òun rí ohun kan tí ó le lápá òsì àyà mi. Àwọn obìnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí tèmi, àánú wọn sì ṣe mí. Ó wá tẹ ara sílẹ̀ sí mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Má lọ sí ọsibítù," ni ó wí. "Tí wọ́n bá fi abẹ kàn án, wàá kú. Ibí ni kí o máa wá."

Mo ti pinnu pé màá fi sùúrù ṣe é. Mo ti bá Augustine sọ ọ́ nínú mọ́tò pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ṣùgbọ́n mo ronú nípa obìnrin tí ó ní kókó náà lóòótọ́, tí ó ti jókòó níbi tí mo jókòó sí yìí, tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kan náà tí ó sì padà sílé.  Mo dìde.

"Olúwadára," ni mo wí, "mi ò lọ́kọ rí."

Orúkọ náà ni ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, kì í ṣe káàdì ọlọ́pàá tí mo yọ. Augustine ti wọ yàrá inú. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì níbẹ̀, fáìlì Ìjọ Òkè Ìmọ́lẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu lójú rẹ̀, agogo kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Nínú mọ́tò, ó gbé ohùn Gẹ̀ẹ́sì inú imú rẹ̀ jáde. Ní Èkó, níbi iṣẹ́ pípe àwọn èèyàn lórí fóònù pé kọ̀ǹpútà wọn ti bàjẹ́ ni ó ti kọ́ ọ. Ó ní òun kò jí ohunkóhun, gbogbo nǹkan ṣì wà níbi tí ó wà. Ó ní akọ̀wé fúnra rẹ̀ ni ó tẹ ibi tí ó fi gba òun láàyè.

"Lẹ́yìn tí o ní kó dijú," ni mo wí.

"Mi ò fipá pa á lójú dé, mà."

Mo ní kí Augustine bá mi tan rédíò. N kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ títí a fi dé Odode.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, mo jókòó sẹ́yìn. Hàfsátù náà wá, ó dúró lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú ìborùn rẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ṣì ń gbé. Mo ti lọ bá ọkọ rẹ̀, kò gbọ́, òfin tí mo ń lò kò sì ní ibi tí a ti ń fi agbára dá ìyàwó padà sílé. Àdúràọlá wà níwájú, sùtánà rẹ̀ funfun báláú.

Bàbá Ọlọ́runṣọlá sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó sọ̀rọ̀ Sàtánì tí ó ń lo ọmọ inú ilé, ó sọ̀rọ̀ àánú, ó ní kí á máa gbàdúrà fún ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé. Mo ń retí ọ̀rọ̀ kan, kò sọ ọ́. Níkẹyìn, ó pe Àdúràọlá jáde.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "àwọn àgbà ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ. A ti dárí jì ọ́. Padà sípò rẹ."

Ìjọ ṣe àmín. Mo di bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé mú, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá dìde, wọn yóò lé mi jáde. Bàbá yìí kan náà ni ó fi ojú ara rẹ̀ rí ọfà tí ó ń rìn.

Àdúràọlá kúnlẹ̀ bí ọmọ ṣe ń kúnlẹ̀ fún àgbà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò dìde.

"Bàbá," ni ó wí, "kí ni mo ṣe tí ẹ dárí rẹ̀ jì mí?"

 Ọ̀kan nínú àwọn àgbà fẹ́ dá a lóhùn, Bàbá gbé ọwọ́ sókè sí i.  Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwa tí a wà lẹ́yìn fi ń bi ara wa léèrè pé kí ni ó sọ. Obìnrin kan níwájú wa ni ó sọ fún wa: Bàbá ní kò ṣe nǹkan kan, àwọn ni wọ́n ṣẹ̀ ẹ́.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Àdúràọlá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́."

Hàfsátù sún kúrò lára ògiri. Bàbá di pẹpẹ mú, ó gbé ohùn sókè, ó sì tún un sọ.